Kò Sí Òkú Nínú Kẹ́ẹ̀gì

"Kò sí òkú níbẹ̀," ni ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò wí. "Mo wá òkú títí ojú fi ń ro mí. Mi ò rí ẹyọ kan."

Abẹ́rẹ́, obìnrin ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tẹ ojú mọ́ awò tí ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá. Ohun tó rí kò ju omi pupa rúsúrúsú kan lọ, pẹ̀lú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó dà bí ewé tí a lọ̀.

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀."

"Bakitéríà ni wọ́n ní ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí, àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, irú èyí tí ń ran gbòǹgbò ọ̀gbìn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wà láàyè, a ó rí wọn. Tí nǹkan bá pa wọ́n, a ó rí òkú wọn. Ìwọ̀nba kẹ́ẹ̀gì kan lè gba àwọn tó pọ̀ ju gbogbo èèyàn inú ayé lọ. Ogun tó pọ̀ tó yẹn kò lè kú tán kí egungun ẹnì kan má ṣẹ́kù."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíì ni, ọ̀gá. Tíì lásán tí kò ní ṣúgà."

Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, géńdé kan tí èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn, mi orí. "Ọpẹ́ ni pé kò ní ṣúgà. Àwọn tòmátì tí wọ́n dà á sí ì bá tún ní àtọ̀gbẹ."

Lójú ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ẹjọ́ náà kò ta kókó kankan. Obìnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Olóko ní ọgbà tòmátì ńlá kan létí ìlú. Ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ilẹ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì omi bakitéríà wá bá a. Ó ní bí wọ́n bá fi bu omi rin ìdí irúgbìn, àrùn tí ń mú ewé tòmátì rọ kò ní ráàyè wọlé. Ìyá Olóko gbà á gbọ́, ó sì pa oògùn kẹ́míkà tì. Wọ́n bu omi rin gbogbo ọgbà. Irúgbìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, láti ilé ọ̀gbìn kan bọ́ sí òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ fi kú. Ni obìnrin náà bá gbé kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ́kù lọ sí àgọ́, ó ní jìbìtì ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn aṣàyẹ̀wò ya wọ yàrá iṣẹ́ Dókítà Ilẹ̀, wọ́n sì fi iná pa gbogbo ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, kí ó má baà tún tà á fún ẹlòmíràn. Àtìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń sùn ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá àgọ́ fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ọ̀gá mi," ni Sájẹ́ǹtì wí bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Tíì ló tà fún wọn."

"Tàbí ẹnì kan da ojúlówó nù, ó sì fi tíì dípò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni. Ẹ̀rí kan náà ló sì gbé méjèèjì ró."

"Ọ̀gá àgọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ èkejì."

"Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yára." Kì í ṣe ara rẹ̀ tó tín-ín-rín nìkan ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òwe tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kún un: abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

*

Nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Abẹ́rẹ́ gbé ife tíì kan síwájú Dókítà Ilẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé e, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó sì nu ẹnu. Erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà. Omi ẹ̀rọ ibí yìí ò ṣeé mu."

Sájẹ́ǹtì àti ọ̀gá rẹ̀ wo ara wọn. Ẹni tó fi tíì ṣe jìbìtì kì í sábà mu ún bẹ́ẹ̀ lójú ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́.

"Níbo lẹ ti rí àwọn bakitéríà yìí?"

"Lábẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo. Oko ìyá mi ni. Àrùn yìí pa gbogbo tòmátì rẹ̀, ó ku igi kan. Gbogbo èèyàn ń wo àwọn tó kú. Èmi lọ tú ìdí èyí tó yè."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Ẹ wò wọ́n bí ayálégbé tó ń fi iṣẹ́ ọdẹ san owó ilé. Gbòǹgbò ń fún wọn lóúnjẹ, àwọn náà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n máa ń ṣe oògùn tó ń lé àrùn sẹ́yìn, wọ́n sì máa ń tú oúnjẹ tó há sínú ilẹ̀ sílẹ̀ kí gbòǹgbò lè rí i fà. Tí ìyà bá dé, wọ́n á wọ ẹ̀wù líle kan, wọ́n á sùn títí ayé á fi dẹ̀. Wọn kì í kú bọ̀rọ̀, mà. Àfi kí èèyàn dìídì fẹ́ kí wọ́n kú."

"Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti fi iná sí i."

"Ẹ padà lọ sí oko ìyá yín."

"Ilé epo ni báyìí. Kọnkéré ni wọ́n dà lé e lórí." Ó yí ife òfìfo náà po. "Tí ẹ bá rán mi lẹ́wọ̀n, màá jáde lọ́jọ́ kan. Ti àwọn yẹn ti tán nìyẹn. Kò sí òmíràn níbì kankan tí mo mọ̀."

"Ta ló gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ yín lóko?"

"Àbúrò Ìyá Olóko tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀ kí n sún sẹ́yìn. Ó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kàn án."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti dìde.

*

Lẹ́nu géètì oko náà, agbada pẹrẹsẹ kan kún fún omi bílíìṣì tí ń pa kòkòrò. Ọkùnrin kan dúró tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun ju ti oníṣègùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti họ nítorí omi líle. Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé àbúrò Ìyá Olóko nìyí kí ẹnikẹ́ni tó fi í hàn án.

"Ẹ tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ méjèèjì."

"Bàtà ìjọba lèyí o," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Àrùn ò mọ ti ìjọba yàtọ̀."

Òṣìṣẹ́ kan tó ń ti bárò kọjá rẹ́rìn-ín. "Bàbá Bílíìṣì, ẹ rọra! Ẹ má lọ fọ ọlọ́pàá títí á fi ṣí!"

Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyá Olóko ti ń dúró dè wọ́n níwájú ilé ọ̀gbìn àkọ́kọ́. Ó gbé aṣọ ọ̀rá ẹnu ọ̀nà sókè kí wọ́n wò. Lórí gbogbo ebè, irúgbìn tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ewé wọn ti di àwọ̀ ìwé àtijọ́.

"Bí ọmọ inú mi ni mo ṣe gbà á," ni ó wí níkẹyìn. "Mo ní, obìnrin bíi tèmi, ó gbọ́n, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní kí n pa oògùn tì, pé oògùn ń pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀tá. Mo pa á tì. Ẹ wo ojú ọ̀rẹ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bu omi náà rin wọ́n?"

"Àbúrò mi àti àwọn òṣìṣẹ́. Òun ló ń bù ú fún wọn láti sítọ́ọ̀. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán. Bí èmi bá ní kí wọ́n ṣe nǹkan, wọ́n á ṣe é."

Kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń ti bárò ti yára lọ.

Sítọ́ọ̀ náà mọ́ débi pé Sájẹ́ǹtì mú ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ọkọ́, garawa, páànù irúgbìn, gbogbo wọn ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì gbé kọ́ bí aṣọ ìjáde. Òórùn bílíìṣì ń ta ní imú. Ohun kan ṣoṣo ló dọ̀tí níbẹ̀: kẹ́tù dúdú kan lórí sítóòfù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bu tíì mu látàárọ̀ dalẹ́.

"Gbé e dání," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún Sájẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá mi, ibi iṣẹ́ wo ni kò ní kẹ́tù? Tiwa ńkọ́?"

"Èmi ò ní kí o mú un. Mo ní kí o gbé e dání."

Bàbá Bílíìṣì ń wo kẹ́tù náà bó ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. "Ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yìí mú, sà?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Orí ìṣó yẹn ló máa ń wà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀." Ó fi aṣọ nu ìṣó náà. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ bá Oníkẹ́míkà. Ẹ̀gbọ́n mi ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tí kẹ́ẹ̀gì dé gan-an ló wá síbí."

*

Nínú ìsọ̀ Oníkẹ́míkà, àwòrán kòkòrò tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú wà lára gbogbo ògiri. Ẹni tó ni ín sanra, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá! Kí la fẹ́ pa? Eṣinṣin ni, àbí èkúté?"

"Tòmátì ni wọ́n pa," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Èmi kọ́ o."

"Ẹ lọ sí oko náà lọ́sẹ̀ tí kẹ́ẹ̀gì dé."

"Mo lọ. Ẹnu géètì sì ni mo mọ."

"Kí lẹ wá lọ síbẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé àwọn ìgò rẹ̀ ní etí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi. Mo fẹ́ kí Ìyá Olóko bá mi bẹ Dókítà Ilẹ̀, kó jẹ́ kí n máa bá a ta omi yẹn."

"Ẹ̀yin?" ni Sájẹ́ǹtì kígbe. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ta apakòkòrò?"

"Sájẹ́ǹtì, ajá tó bá gbọ́n kì í gbó mọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ṣe ló máa ń wọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa bàtà aláwọ kan yọ lábẹ́ káńtà. Láti òkè dé àárín, àwọ̀ ilẹ̀ ni. Láti àárín dé ìsàlẹ̀, ó funfun pátapáta, ó sì ti sán. "Ẹ wo ohun tó dé. Mo tẹ ẹsẹ̀ bọ inú agbada Bàbá Bílíìṣì bó ṣe ní kí n ṣe. Mo wolẹ̀, bàtà ìyàwó mi... àní bàtà tí ìyàwó mi rà fún mi ti di ti eléré. Mo bínú padà sílé. Ọkùnrin yẹn á fi bílíìṣì wẹ ọmọ ìkókó!"

Abẹ́rẹ́ gbé bàtà náà súnmọ́ fèrèsé. Ilẹ̀ oko náà pupa, eruku rẹ̀ sì kúnná. Bàtà tó tutù tí ó bá rìn nínú rẹ̀ yóò kó o sínú gbogbo ojú ìránṣọ. Ojú ìránṣọ bàtà yìí funfun láìní àbàwọ́n.

"Ó lè ti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà," ni Sájẹ́ǹtì wí nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀.

"Ta ní í fọ bàtà tó ti bàjẹ́?"

"Òótọ́ ni. A ti padà sọ́dọ̀ Dókítà Ilẹ̀ nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ kò tíì tan ọkọ̀. "Ká ní ìwọ lo fẹ́ da omi yẹn nù, Sájẹ́ǹtì. Àwọn kẹ́ẹ̀gì wà ní sítọ́ọ̀, wọ́n wúwo, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí ẹnì kan má rí ọ. Ibo lo máa dà á sí?"

"Gọ́tà. Gọ́tà ń bẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ gan-an. Màá dorí kẹ́ẹ̀gì kodò, ó parí."

"Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká lọ wo gọ́tà."

*

Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ gọ́tà náà, ó sì ṣófo. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó já sí ilẹ̀, tòmátì wẹ́wẹ́ díẹ̀ ti hù fúnra wọn láàárín koríko, láti inú èso tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ tí wọ́n sì tu dà nù. Gbogbo wọn ti rọ.

"Kò sí nǹkan níbí," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Nǹkan wà. Wọn ò dà á síbí ni." Abẹ́rẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ohun tí à ń wá yìí wà láàyè. Ohun ọ̀ṣọ́ tí olè bá rì mọ́lẹ̀ kì í hù, kì í pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí Dókítà Ilẹ̀ bá sọ òtítọ́, ibi yòówù tí wọ́n da omi yẹn sí yóò ti máa fọhùn. Tó bá sì jẹ́ irọ́ ló pa, kò sí tòmátì kan tó máa yè lóko yìí."

Ó lọ bá Ìyá Olóko. "Mà, ǹjẹ́ tòmátì kankan ṣẹ́kù tó ń ṣe dáadáa?"

"Tó bá ṣẹ́kù, ṣé inú ọ̀fọ̀ lẹ máa bá mi?"

"Èyí tí ẹ kò gbìn ńkọ́? Èyí tó lálẹ̀ hù?"

"Ta ló ráyè wo ìyẹn?"

"Níbo lẹ ń kó àwọn tó bá kú sí?"

"Kòtò aláìsàn. Ìpẹ̀kun oko ni, lẹ́yìn gbogbo ebè, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e padà. Òfin wa ni: ohun tó bá ní kòkòrò àrùn lára kò gbọdọ̀ kan gọ́tà, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ oko. Kòtò ló ń lọ. Èmi àti àbúrò mi la ṣe òfin yẹn lẹ́yìn tí àrùn yìí pa oko bàbá wa."

Abẹ́rẹ́ yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Lọ mú Dókítà Ilẹ̀ wá láti àgọ́. Gbé kẹ́tù yẹn dání."

Ọ̀nà kòtò náà jìn, ó sì gùn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibẹ̀, Ìyá Olóko ti ń mí hẹlẹ. Ó yọjú wo inú kòtò, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Igi tòmátì tó jẹrà ló kún ibẹ̀, òkìtì lórí òkìtì. Láti inú òkìtì apá òsì, tòmátì tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ti hù, wọ́n ga dé ìbàdí èèyàn, ewé wọn dúdú minimini, wọ́n sì ti so. Ní apá ọ̀tún, àwọn ẹgbẹ́ wọn tó hù láti inú òkìtì kan náà ti rọ, wọn kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì hàn kedere, bí ìgbà tí omi bá ṣàn dé ibì kan tí ó sì dúró.

"Tòmátì ò yè rí nínú kòtò yìí," ni Ìyá Olóko sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ibí yìí ni gbogbo àrùn oko yìí ń gbé."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pe àbúrò yín."

*

Bàbá Bílíìṣì dé, ó sì dúró létí kòtò. Ó wo ewé náà, kò tún wo ibòmíràn mọ́. Sájẹ́ǹtì àti Dókítà Ilẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi kan wà tí wọ́n dà nù. Olè tó bá ti ìta wá yóò dà á sí gọ́tà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń bínú yóò dà á sẹ́yìn ògiri. Dókítà Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá jẹ́ tíì ló gbé wá, kò ní ohun tó máa dà nù. Ẹni tó da èyí nù gbé ẹrù tó ń já èèyàn léjìká kọjá gọ́tà, ó gbé e kọjá igbó, ó gbé e kọjá gbogbo ebè, ó sì gbé e dé ibi tó jìn jù lóko yìí. Kí nìdí? Nítorí lójú rẹ̀, kòkòrò àrùn ló wà níbẹ̀, òfin sì ní ohun tó bá ní kòkòrò àrùn, kòtò ló ń lọ." Ó yíjú sí ọkùnrin aláṣọ funfun náà. "Ẹ rú òfin ẹ̀gbọ́n yín, sà, ẹ sì tún pa òfin ẹ̀gbọ́n yín mọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀."

Eṣinṣin ń kùn lórí òkìtì.

"Àbúrò mi," ni Ìyá Olóko wí. "Sọ pé irọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́ kí kòkòrò wọ oko yìí."

"Èmi náà ni mo ní kí o da èyí sí ìdí irúgbìn! Mo dúró tì yín!"

"Láti ìgbà tí oko bàbá wa ti kú ni mo ti ń fọ ẹnu ọ̀nà yìí. Mo fọ bàtà, mo fọ ọkọ́, mo fọ ọwọ́ mi títí ó fi bó. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ yìí kan náà gbé wọn wọlé?"

"O ò sì lè bá mi sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín jiyàn rí tó jàre?"

Sájẹ́ǹtì yára wo ibòmíràn.

"Mo rò pé tíì ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan," ni ọkùnrin náà ń bá a lọ. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo rò pé bí ilẹ̀ bá ṣáà ti mọ́, wọ́n á yè."

Dókítà Ilẹ̀ dá sí i. "Ilẹ̀ náà mọ́ jù ni, sà. Ẹ pa ọ̀tá, ẹ pa ọ̀rẹ́. Ọ̀tá ló kọ́kọ́ padà wálé."

"Nígbà tí wọ́n wá mú obìnrin yìí ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

Ọkùnrin náà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo fẹ́ wá sọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń wọ bàtà láti wá."

"Lójoojúmọ́ lẹ sì ń bọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Olóko yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin náà. "Ọmọ mi. Mo ti fa ẹ̀sùn mi sẹ́yìn. Má bínú sí mi."

Dókítà Ilẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó kúnlẹ̀ ní apá òsì, ó ń fi ìka tú ìdí igi tòmátì kan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú irun ọmọ tó ń sùn. Ó gbé gbòǹgbò náà sókè. Funfun ni, ó kún fún irun wẹ́wẹ́, erùpẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé àwọn ni?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè láti òkè.

"Mi ò lè búra títí màá fi wò wọ́n lábẹ́ awò, mà. Àrùn náà ṣì wà níbí pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n kí ló tún lè dá irú èyí sí nínú irú ibí yìí?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo gbòǹgbò náà. "Tó bá jẹ́ pé wọ́n dà á sí gọ́tà ni, ì bá ti bá òjò lọ. Mo nílò ohun tí màá fi gbé e. Ohun tí bílíìṣì ò kàn rí."

Gbogbo wọn wo Bàbá Bílíìṣì.

"Garawa ńkọ́?" ni Ìyá Olóko bi í.

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Páànù irúgbìn?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ọ̀rá tuntun tó wà nínú páálí?"

"Mo máa ń ṣàn án kí n tó tò ó síbẹ̀."

"Ó ń fọ ọ̀rá tuntun!" ni Sájẹ́ǹtì sọ sí afẹ́fẹ́.

Ọkùnrin náà wo ohun tó wà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. "Kẹ́tù yẹn," ni ó wí. "Òun nìkan ni mi ò fi bílíìṣì fọ̀ rí. Ó máa ń ba adùn tíì jẹ́."

"Ẹ̀rí nìyí o, ọ̀gá mi," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Mo ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára."

"Yọ nọ́ńbà náà. Ọkùnrin yìí ti jẹ́wọ́. Kẹ́tù ò ní nǹkan tuntun tó fẹ́ sọ fún ilé ẹjọ́."

Dókítà Ilẹ̀ gba kẹ́tù náà. Ó gbé gbòǹgbò àti erùpẹ̀ tó yí i ká sínú rẹ̀, ó sì fi ewé bo ẹnu rẹ̀.

Wọ́n tò padà lọ́nà tí wọ́n gbà wá. Sájẹ́ǹtì ti mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó gbé e kọ́ ìka, ó ń dúró kí ọ̀gá rẹ̀ mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Ìyá Olóko wo agbada bílíìṣì náà bí ẹni ń wo ọmọ tó já a kulẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ láti tì í ṣubú.

"Rárá, mà," ni Dókítà Ilẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un nìyẹn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Inú kòtò la ti ń bọ̀, àrùn wà lẹ́sẹ̀ wa. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó wà nínú kẹ́tù yìí ò gbọdọ̀ kan omi yẹn."

Ó wo kẹ́tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo okùn bàtà rẹ̀ tó ti tú, ó sì wo agbada. Bàbá Bílíìṣì ló wà nítòsí rẹ̀ jù.

"Ẹ bá mi gbà á dání, sà."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún nù ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gbé e sókè, jìnnà sí omi náà, bí ọ̀dọ́bìnrin náà ti ń so okùn bàtà rẹ̀ tí ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ bọ inú bílíìṣì, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

"Fi í sápò," ni Abẹ́rẹ́ wí. "O ò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo?"